Ọdẹ́rónkẹ́ àti Yọ́ Méjì Tó Wà ní Ìlú Abọ́

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kẹ́mísírì, ẹ fìdí mọ́ àga yín dáadáa, nítorí ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ lónìí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yára kúrò. Ọ̀gá ilé-ìwé yín ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní àwọn mẹ́rìnlá nínú yín ti ń sọ pé àwọn ò ṣe kẹ́mísírì mọ́, pé ó le jù, pé inú rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sì sí ojú fèrèsé kankan níbẹ̀. Èmi Ọdẹ́sànmí, tí mo pa erin méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí èmi àti àmọ̀tẹ́kùn jọ jẹ ẹran kan tí a ò jà, mo ti sọ ìtàn níwájú ọba, mo ti sọ ọ́ níwájú iwin, ṣùgbọ́n èyí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù láti sọ. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn nì, mo ti rí ọ o.

Ìtàn náà kì í ṣe tèmi, ti ọmọbìnrin mi Ọdẹ́rónkẹ́ ni. Èmi náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà tí mo hù níbẹ̀ kò yẹ àgbà, ojú sì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Ẹ jẹ́ kí n máa pe ara mi ní bàbá rẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin mìíràn ni. Bí mo bá gbàgbé tí mo sì pe ara mi ní èmi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ọdẹ́rónkẹ́ nígbà náà. Kẹ́mísírì ni ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń fìyà jẹ ẹ́ jù. Gbogbo ohun tí Tíṣà Ọ̀jẹ́wùmí bá ṣe níwájú wọn, ó máa ń yé e yékéyéké ní èdè ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú bírò láti kọ ọ́ lédè òyìnbó, ńṣe ni yóò dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ní ìdánwò àárín sáà kẹta, Tíṣà bi wọ́n pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí iyọ̀ bí a bá dà á sínú omi. Ọdẹ́rónkẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó ń yọ́ ni. Ó wá ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń pe yọ́, ó rántí èyí tí wọ́n ń lò fún òrí tó wà nínú oòrùn, ó sì kọ ọ́ fún iyọ̀. Ibi mẹ́sàn-án ló kọ ọ́ sí nínú ìwé náà. Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, Ọdẹ́rónkẹ́ sì fìdí rẹmi.

Ó sunkún délé. Bàbá rẹ̀ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sọ fún un, inú sì bí ọkùnrin náà. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di ilé-ìwé.

"Tíṣà, ṣé iyọ̀ kì í yọ́ nínú omi ni?"

"Ó ń yọ́, Bàbá."

"Ṣé òrí kì í yọ́ nínú oòrùn ni?"

"Ó ń yọ́ sà. Ẹ má bínú, yọ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an sì yàtọ̀..."

"Yọ́ ni yọ́! Kí wọ́n tó bí bàbá tó bí ọ ni ìyá mi ti ń yọ́ iyọ̀, tó ń yọ́ òrí. Ìwọ ọmọ àná yìí lo fẹ́ kọ́ mi ní Yorùbá?"

Tíṣà kò dàgbà tó àkọ́bí bàbá náà. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó kí òun fi hàn án, omi wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá kò jókòó. Ó lọ bá akọ̀wé ilé-ìwé, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ òun kò ṣe kẹ́mísírì mọ́ láéláé, ó sì tẹ̀ka sí i.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ń yan níwájú, ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé, Ọdẹ́rónkẹ́ dúró. Ó wá ní, "Bàbá mi, tẹ́lẹ̀, mo wà nínú yàrá kan tí mi ò rí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin wá jù mí síta, ẹ ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì."

Bàbá ní kó dákẹ́. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré nínú igbó yóò fọ ìwé kúrò lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mú un dání lọ sọ́dẹ.

Ẹ má bi mí léèrè bí a ṣe dé Igbó Àwọ̀ìjáde. Ìgalà kan tí ìbọn bà ló sáré, àwa náà sáré, a bá ara wa níbẹ̀, ó parí. Igbó yẹn kì í ṣe ẹni tó bá ń lọ síwájú ní nǹkan kan. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn ló ń rí i pé àwọn igi ti sún mọ́ra, wọ́n ti fi ẹ̀ka kọ́ra lápá, ọ̀nà tí òun gbà wọlé ti di ògiri. Ọdẹ́rónkẹ́ ló kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Ó fa aṣọ bàbá rẹ̀, ó nàka sí i. Bàbá ní ojú rẹ̀ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n òun náà ti fi ìbọn sọ́wọ́.

Wọ́n dé oríta kan, iwin kan dúró síbẹ̀, pupa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn ìjàlọ ti tọ̀ sí i lára, ara rẹ̀ ń ta á, ó ń họ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí ó ti rí wọn, ó ké pé, "Ẹ̀yin ará ayé, bí nǹkan kíkan bá kàn mí, mo di pupa, ara a máa ta mí. Bí eérú bá kàn mí, mo di aró, ara mi a máa yọ̀ bíi ọṣẹ. Àwọ̀ elésè àlùkò ni wọ́n fi dá mi. Àfi kí n padà sí i kí ẹsẹ̀ mi tó lè kúrò nílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti dúró síbí."

Bàbá gbé ìbọn. Ẹ ò mọ̀ mí nígbà tí mo ṣì lágbára. Ohun tí kò bá ti yé mi, ìbọn ni mo kọ́kọ́ máa ń nà sí i.

"Bàbá, ẹ sọ ìbọn kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọdẹ́rónkẹ́ wí. Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ìdánwò. Ó kó eérú nídìí ààrò tí àwọn ọdẹ àtijọ́ ti yan ẹran ní oríta náà, ó pò ó mọ́ omi nínú igbá tí wọ́n gbé dání, ó sẹ́ ẹ, ó sì ń fi ewé kán an sí èjìká iwin náà díẹ̀díẹ̀. Pupa náà ń ṣá. Bàbá ní kí ló dé tó ń fi í ṣeré, ó já igbá omi eérú gbà, ó da gbogbo rẹ̀ sí iwin lórí. Iwin di aró pátápátá, ó ń yọ̀, ó ń pariwo. Ọdẹ́rónkẹ́ kò bínú. Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan nínú àpò, ó gé e, ó ń fún un sí i lára ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á lábẹ́ ahọ́n. Ní ẹ̀kán kẹtàdínlógún, iwin náà di elésè àlùkò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó bú sẹ́kún.

"Ọmọ, ta ló kọ́ ọ?"

"Tíṣà wa ni."

"Kí Tíṣà yín pẹ́ láyé. Ẹ gbọ́, mi ò lè ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn fún yín, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Níwájú, ilẹ̀ yóò gbé yín ṣubú sínú ìlú kan tó jin bí abọ́. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má wọ inú ìkòkò kankan, bó ti wù kó rí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun tí òun ti wẹ̀ nínú odò tí ọ̀nì mẹ́fà ń gbé, ìkòkò wo ló kù tí òun ó máa sá fún?

Ilẹ̀ gbé wọn ṣubú lóòótọ́. Abọ́ ńlá kan ni ìlú náà, òkúta funfun ni, ògiri rẹ̀ yí wọn ká, ó ga ju ọ̀pẹ mẹ́wàá lọ, ọ̀rá sì wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá gun ògiri náà, ó yọ̀ bọ̀. Ó tún gun ún, ó tún yọ̀ bọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ ṣẹ́. Oòrùn kì í wọ ibẹ̀ ju ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ lọ ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn èyí, òtútù ọyẹ́ ni. Wọn kò rí igi kan, wọn kò rí koríko kan. Kìkì ìkòkò ńláńlá tó fẹ̀ lẹ́nu ló wà káàkiri, wọ́n dé wọn, wọ́n gbé wọn ka orí òkúta mẹ́ta mẹ́ta, eérú àtijọ́ sì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Lára ògiri, wọ́n gbẹ́ pẹpẹ sí i yíká, ìgò sì kún orí pẹpẹ wọ̀nyí, ìgò bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, omi wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ èèyàn sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́rónkẹ́ ka orúkọ díẹ̀, ó sì dákẹ́ kíkà.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá lórí wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kíláàsì há, ẹ ò tíì rí ibi tó há. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ọdẹ́rónkẹ́ lọ ń fọwọ́ tọ ìdí ògiri bóyá ihò kan wà níbì kan. Nígbà tí ó padà dé, ó bá aṣọ bàbá rẹ̀ nílẹ̀, fìlà lórí aṣọ, ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà. Ìdérí ìkòkò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú ìkòkò náà kún fún ohun tó ṣàn, tó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan igbá. Kò sí bàbá.

"Bàbá! Bàbá mi!"

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni omi fẹ́ fi dáhùn? Ọmọ mi ń ké pè mí, èmi tí mo lẹ́nu ju gbogbo ọdẹ ìlú yìí lọ, mi ò ní ẹnu kan ṣoṣo.

Ibi tó ti ń sunkún ni ọkùnrin kan ti yọ sí i. Ó tín-ín-rín, ó ga, apá rẹ̀ gùn dé orúnkún, ó sì mú ìgò òfìfo kan dání. Akọ̀wé Ìgò ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ló ń dá gbé ìlú náà.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ. Kí lorúkọ bàbá ẹ? Mo fẹ́ kọ ọ́ sára ìgò."

"Ẹ má kọ nǹkan kan, sà! Kí ló ṣe bàbá mi?"

"Ó yọ́ ni."

"Báwo ló ṣe yọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Àwọn kan ń bá omi nínú ìkòkò, wọ́n wẹ̀, wọ́n yọ́. Àwọn kan ń bá ìkòkò gbígbóná tó ṣófo, òtútù á ti mú wọn, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀ kí wọ́n yáná, wọ́n á yọ́. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ti bàbá ẹ ṣẹlẹ̀." Ó fi ẹnu nu gègé rẹ̀. "Ṣùgbọ́n òfin ìlú fún ọ ní ẹ̀bùn kan. Kí o sọ irú yọ́ tó yọ́ fún mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, n ó sì fún ọ ní iná tàbí yìnyín. Ọ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o bá ṣì í, ohun tó bá kù nínú ìkòkò, tèmi ni. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ fún mi pé yọ́ ni yọ́. Ìgò wọn ló wà lókè yẹn. Ọ̀sán ọ̀la ni n ó padà wá."

Ọdẹ́rónkẹ́ jókòó ti ìkòkò náà, ó fà á mọ́ra. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú omi ni bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ, iná ló máa lé omi lọ, bàbá yóò sì kù. Bó bá jẹ́ pé ooru ló yọ́ ọ bí òrí, yìnyín ló máa mú un dì padà. Bó bá fi iná sí irú bàbá bẹ́ẹ̀, yóò jó di èéfín. Ìkòkò náà ti tutù, bàbá kò sì dì. Ṣé ìyẹn kò tó? Kò tó. Epo kẹrosíìnì kì í dì nínú ọyẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pè é lómi. Ta ló mọ irú òtútù tí ọdẹ nílò kó tó dì?

Ó wá ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ létí. Nídìí ààrò, ìyá rẹ̀ a máa sọ pé, "Rò ó dáadáa, kí iyọ̀ náà yọ́ mọ́ ọbẹ̀." Ṣùgbọ́n fún òrí, "Òrí yìí ti yọ́" ni, ó parí síbẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé òrí yọ́ mọ́ oòrùn. Ọ̀kan ń dá yọ́. Èkejì kò lè dá a ṣe, àfi kó rí ẹni tí yóò yọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì náà ti wà lẹ́nu wọn nílé láti ọjọ́ yìí wá, bàbá òun àti òun ò sì gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé.

Ẹ wò ó, bí mo ṣe wà nínú ìkòkò, mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mi ò mọ ohun tó fà á. Mo rò pé ọpọlọ ọmọ mi ti dàrú ni.

Síbẹ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ dùn tó, kò sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá fún un. Àfi kó dán an wò. Tíṣà máa ń fi díẹ̀ dán ọ̀pọ̀ wò. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán wọlé, ó fi etí ewé tó kù nínú àpò ọdẹ gbọ́n ẹ̀kán kan ṣoṣo, ó gbé e sórí òkúta pẹlẹbẹ. Kò mọ apá ibi tí ẹ̀kán náà jẹ́ lára bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ ojú, ó lè jẹ́ ọkàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí." Ẹ̀kán náà ń gbẹ, ó ń gbẹ, etí rẹ̀ ń funfun, omi inú rẹ̀ sì fò lọ. Ohun tó kù lórí òkúta ni orí ìka ọmọńdinrín kan, pẹ̀lú èékánná rẹ̀.

Òun nìyí, ọwọ́ òsì mi rèé, ẹ máa kà á. Mẹ́rin àbọ̀. Ìka yẹn kò gbà láti lẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹkùn ló gé e, èmi ni mo parọ́ fún un.

Akọ̀wé Ìgò dé. "Irú yọ́ wo?"

"Bàbá mi yọ́ mọ́. Ó ní ẹni tó yọ́ mọ́."

Akọ̀wé náà dá gègé dúró lókè. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún un ní èyí tó máa kọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó mú ẹyin iná kan jáde láti inú apá aṣọ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ.

Ẹyin iná wà, igi kò sí. Ọdẹ́rónkẹ́ wò yíká. Ó da ẹ̀tù ìbọn nù sí ọ̀nà jíjìn, ó fọ́ ìdí ìbọn bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́, ó fi dáná. Ìbọn tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, mo gbọ́ bó ṣe ń já lórí iná. Lẹ́yìn náà ló fi igi ìdí ọ̀bẹ tó ṣẹ́ sí i, lẹ́yìn náà ló fi àpò ọdẹ. Ìwé kẹ́mísírì rẹ̀, tó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ láti ilé wá, ló kẹ́yìn. Ó ń ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á kó tó fi í sínú iná.

Bí omi náà ti ń gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni.

"Ta nìyí? Ta ló ń lé mi?"

Ọdẹ́rónkẹ́ fò sókè. "Ìyá, ta ni yín?"

"Omíyalé ni mí. Amọ̀kòkò ni mí nígbà tí mo ní ọwọ́. Mo yáná nínú ìkòkò yìí, mo yọ́, wọn ò tíì rí ìgò tó gbà mí. Ọmọ, pa iná yìí. Mo ti gbé ibí pẹ́, mo ti mọ gbogbo etí rẹ̀. Bí mo bá fò lọ, níbo ni mo ń lọ? N ó fọ́n ká, n ó sì parun."

Ọwọ́ Ọdẹ́rónkẹ́ dúró lórí iná. Bó bá pa á, bàbá òun yóò gbé síbẹ̀ títí láé. Bí kò bá pa á, ìyá arúgbó kan ló ń lé jáde ní ilé kan ṣoṣo tó kù fún un. Ó kúnlẹ̀ ti ìkòkò náà.

"Ìyá, ẹ ò ní parun. Tíṣà wa sọ ọ́, mo sì ti fi ojú mi rí i. Omi tó gòkè kì í parun, òkè ló ń lọ kóra jọ sí. Ẹ ó di kùrukùru, ẹ ó tún di òjò. Ìlú yìí kò ní òrùlé. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè jáde níbí láìgun ògiri."

Omi náà yí po nínú ìkòkò. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ìyá."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí iná náà le jù. Bàbá ẹ ń bẹ̀rù." Òótọ́ ni, mo ń bẹ̀rù.

Omíyalé bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní funfun, ó rọra, ó gba òkè orí ògiri kọjá. Nígbà tí omi kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, Ọdẹ́rónkẹ́ fa iná sẹ́yìn. Ó rántí pé ẹni tó bá fi iná gbígbóná gbẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan, ìyẹ̀fun ló ń rí. Kò fẹ́ bàbá oníyẹ̀fun. Ó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, ó dúró tì í ní ọjọ́ méjì gbáko, kò fọwọ́ kàn án, kò mi ìkòkò. Orúnkún ló kọ́kọ́ dì, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà etí. Ẹnu ló dé kẹ́yìn. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Bàbá dìde nínú ìkòkò, ara rẹ̀ funfun, ó ń dán, ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bó bá ti mira. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ ńlá tí ọdẹ ń sọ. Kò rí ọ̀kankan sọ. Ó ní, "Ọdẹ́rónkẹ́, ebi ń pa ọ́?" Ọmọ náà so mọ́ ọn lọ́rùn, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ibi tí wọ́n dúró sí ni àrá ti sán. Omíyalé ti kóra jọ lókè, ó sì ń bọ̀ wá san oore. Ẹ gbọ́ mi, oore náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Òjò fẹ́ rọ̀ sórí ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi dì. Bàbá wo òkè, ó wo ìkòkò, ó ní, "Mo tún gbé." Ọdẹ́rónkẹ́ ti sáré dé ìdí ògiri, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì họ ọ̀rá ara rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, òrí ni. Ó fi kun bàbá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi kun abẹ́ apá, ó fi kun ẹ̀yìn etí, nítorí omi kì í rí òrí bá ṣe nǹkan kan. Kò tíì kun àtẹ́lẹsẹ̀ tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Omíyalé rọ̀ títí abọ́ náà fi ń kún. Omi gbé bàbá àti ọmọ sókè, ó gbé àwọn ìgò kúrò lórí pẹpẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò léfòó yí wọn ká, wọ́n ń kan ara wọn bí ìgbà tí obìnrin ń fọ abọ́. Akọ̀wé Ìgò ń wẹ̀ láàárín wọn, ó ń gbá wọn mọ́ra. Omi ti fọ tàdáwà kúrò lára gbogbo wọn. "Ta ni èyí? Ta ni èyí?" ló ń ké. Ọdẹ́rónkẹ́ na ọwọ́ sí i pé kó bá wọn lọ. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ìgò, ó ní òun kò tíì parí iṣẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Omi kún dé ètè abọ́, ó sì tú wọn dà síta, àwọn àti ìgò tó bá wọn jáde. Omíyalé ló bá wọn ṣí ọ̀nà láàárín àwọn igi títí dé oko àwọn ará ìlú wa.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n lò lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n délé, ìdánwò ìparí ọdún ti lọ, wọ́n ti fa igi lé orúkọ Ọdẹ́rónkẹ́, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe tẹ̀ka sí i. Ó gbọ́ ọ, ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Ọmọ tó mú mi jáde nínú ìkòkò, èmi ni mo tì í mọ́ta. Ó dùn mí ju ìka lọ.

Mi ò tíì fọ òrí kúrò lára tí mo fi mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé. Tíṣà Ọ̀jẹ́wùmí wà ní yàrá kẹ́mísírì pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń ṣe pírátíkà, ó gbé omi ka iná. Mo dúró níwájú ọmọ tí àkọ́bí mi dàgbà jù. Mo ṣí fìlà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, àyà kan ilẹ̀.

"Tíṣà, mo ṣì í. Yọ́ méjì ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi jìyà ẹnu mi. Ẹ gbà á padà."

Tíṣà wò mí nílẹ̀, ó ní, "Haa, Bàbá! Haa! Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe irú èyí sí mi!" Òun náà sì nà gbalaja síwájú mi. Orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó ní òun kò ní dìde àfi bí mo bá dìde. Mo ní èmi kò ní dìde àfi bó bá gba ọmọ mi. Ó ní òun ti gbà á láti ọjọ́ tí mo ti bínú lọ, pé òun kò fi ẹlòmíràn sí àga rẹ̀. Mo ní kó dìde nígbà náà. Ó ní kí àgbà kọ́kọ́ dìde. A wà níbẹ̀, àwa méjèèjì, bírò pupa kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ìbọn kò sí mọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdẹ́rónkẹ́ rọra gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó wo orí iná, ó kó irun rẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá, Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni ó wí. "Omi ti ń hó."